Percy Julian: Ọmọ-ọmọ ẹrú tí ẹ̀wà olóró Calabar sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì

Ní ọdún 1916, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Fásitì ló ń lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ìtàn náà nígbà tó dàgbà, bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra ni bàbá rẹ̀ àgbà gbé ọwọ́ sókè láti juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Ìka méjì kò sí lọ́wọ́ náà. Nígbà tí bàbá àgbà wà lóko ẹrú ni wọ́n ti gé wọn dànù, nítorí pé ó kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ohun tí òfin kà léèwọ̀ fún ẹrú.

Percy Lavon Julian ni orúkọ ọ̀dọ́ tó wà nínú ọkọ̀ náà. Kò tíì pé 20 ọdún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ọwọ́ ara wọn ṣe oògùn ojú kan nínú yàrá àyẹ̀wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Títí di ìgbà náà, inú ẹ̀wà olóró kan tó ń hù ní agbègbè Calabar, ní gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà òde òní, ni wọ́n ti ń fa oògùn yẹn yọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Calabar sí ìlú ayẹyẹ oṣù Kejìlá àti ọbẹ̀ aládùn. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé orúkọ ìlú yìí wà nínú ìtàn kẹ́mísírì, tàbí pé aláwọ̀ dúdú ni ọ̀kan lára àwọn tó fi í síbẹ̀.

Ta ni Percy Julian?

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1899 ni wọ́n bí i. James, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà lórí ọkọ̀ ojú irin. Elizabeth, ìyá rẹ̀, jẹ́ olùkọ́. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà.

Wọn kì í fi ìwé ṣeré nínú ilé náà. Lọ́jọ́ kan, Percy gbé máàkì 80 nínú ìṣirò wálé, ó ń retí kí wọ́n yìn ín. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ sọ ọ́ di 100, pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohun tí kò pé máa tẹ́ òun lọ́rùn.

Àmọ́ Montgomery ìgbà náà kò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí ọmọ aláwọ̀ dúdú lè lọ. Kíláàsì kẹjọ ni ọ̀nà ti dí. Lẹ́yìn èyí, Percy lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ di olùkọ́, èyí tí kò lè dípò girama gidi. Irú ìlú wo ni? Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó rìn wọ inú igbó lẹ́bàá ilé wọn, ó sì bá òkú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n pa, tí wọ́n so rọ̀ sórí igi.

Fásitì lọ́sàn-án, girama nírọ̀lẹ́

Fásitì DePauw tó gbà á wọlé wà ní Greencastle, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana. Wọ́n gbà á sí kíláàsì, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sí ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé tó kọ́kọ́ háyà gbà kó sùn síbẹ̀, wọn kò gbà kó jẹun níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló fi rìn káàkiri ìlú kó tó rí ibi tí wọ́n ti máa ta oúnjẹ fún un.

Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ nínú ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun kan. Òun ló ń gbé oúnjẹ fún wọn lórí tábìlì. Òun náà ló ń bójú tó iná tó ń mú ilé móoru. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ tó ń jẹ àti àyè tí wọ́n fún un láti máa sùn lókè àjà.

Wàhálà tó tún wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti ṣe girama parí, òun kò sì ṣe é. Ló bá di pé ó ń jókòó sí kíláàsì fásitì lọ́sàn-án, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó tún ń lọ kọ́ iṣẹ́ girama tó yẹ kó ti mọ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì kẹ́mísírì láìní ìpìlẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Èèyàn lè há ìtàn sórí lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kẹ́mísírì kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí dúró lé èyí tí wọ́n kọ́ ọ lánàá, tí ti àná kò bá sì yé ọ, àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀ ni gbogbo ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n William Blanchard ló kọ́ Julian ní kẹ́mísírì ní DePauw, òun ló sì mú kí ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ. Nígbà tí wọ́n parí ní 1920, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn lókè àjà ló gbégbá orókè nínú gbogbo kíláàsì.

Ìdílé rẹ̀ ti kó tẹ̀lé e wá sí Greencastle nítorí ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì di dókítà ìṣègùn, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba oyè másítà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ lẹ́tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyẹn.

Ilẹ̀kùn Harvard ṣí, ó sì tún tì

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Julian aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè ní àwọn fásitì ńlá láti ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Julian náà ń retí tirẹ̀. Blanchard kọ̀wé káàkiri lórúkọ rẹ̀, àmọ́ èsì tó ń padà wá kò mú inú dùn. Wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ dá ọmọ náà lágara, pé kò sí ilé iṣẹ́ tàbí fásitì tí yóò gbà á síṣẹ́ tó bá kàwé náà tán. Wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù.

Ó lọ lóòótọ́. Ó lo ọdún méjì ní Fásitì Fisk ní Nashville gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Lẹ́yìn náà ló rí owó ìrànwọ́ lọ sí Harvard, ó sì gba oyè másítà ní 1923.

Ní irú fásitì bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ fún oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, owó tí wọ́n bá san fún un ló ń fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Harvard kò fún Julian ní iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun kò ní gbà kí aláwọ̀ dúdú dúró níwájú kọ́ wọn. Ó fi iṣẹ́ kéékèèké gbé ara rẹ̀ ró fún ìgbà díẹ̀ sí i, kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1926 láìgba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ó kọ́ni ní West Virginia, ó kọ́ni ní Fásitì Howard ní Washington. Ọmọ 30 ọdún ni nígbà tí àǹfààní tòótọ́ tó dé, òkè òkun ló sì ti wá.

Ohun tó kọ́ ní Vienna

Ní 1929, àjọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìdílé Rockefeller dá sílẹ̀ san owó kó lè lọ kàwé ní Vienna, olú-ìlú Austria. Ernst Späth ni olùkọ́ tó lọ bá, ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ nípa alkaloid jùlọ láyé nígbà náà.

Alkaloid ni wọ́n ń pe àwọn èròjà kan tó wà nínú ewé, èèpo, èso tàbí gbòǹgbò, tí èyí tí kò tó nǹkan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ńlá lára. Èyí tó wà nínú obì ni kì í jẹ́ kí oorun gbé awakọ̀ òru lọ. Kuiníìnì tí àwọn òbí wa ń lò sí ibà jẹ́ òmíràn, inú èèpo igi ló ti wá.

Ewéko olódòdó kan tó ń hù ní Austria, Corydalis cava, ni Julian ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ sí ìrora àti àyà tó ń lù kìkì. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mọ èwo gan-an nínú gbòǹgbò náà ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Wọ́n á lọ gbòǹgbò gbígbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á lo ásíìdì láti mú alkaloid kúrò lára ọ̀rá àti àwọ̀ ewé, wọ́n á tún yí i padà kó lè jókòó sísàlẹ̀ ìgò. Ẹni tó bá mọ bí ìyá àgbà ṣe ń se àgbo kò ní fi bẹ́ẹ̀ ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ títí dé ìdajì ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé oníkẹ́mísírì kì í dúró síbi omi àgbo. Á máa yọ ohun tí kò nílò kúrò títí á fi ku ẹyọ èròjà kan ṣoṣo, tó funfun, tó ń dán bí iyọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀.

Julian kó àpótí ohun èlò onígíláàsì wá láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí ẹnu wọn ń wọ inú ara wọn ṣinṣin láìlo kọ́ọ̀kì. Ìyàlẹ́nu ni wọ́n jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Vienna tó bá a tú wọn. Ó kọ́ èdè Jámánì. Ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun lórí tábìlì kan náà, ó ń bá wọn lọ wo eré orin ní gbọ̀ngàn ìlú, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó sẹ́yìn.

Ní 1931, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Josef Pikl, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Austria, bá a padà sí Amẹ́ríkà.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ là ń sọ ìtàn rẹ̀ o. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Julian àti àwọn kan ní Howard, ni àwọn lẹ́tà tó kọ láti Vienna bá bọ́ sójú ìwé ìròyìn. Nínú wọn, ó sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó bá ṣe fàájì, ó sì tún bu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó fi Howard sílẹ̀ ní 1932 pẹ̀lú ìtìjú. Blanchard, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ló nawọ́ sí i: ó pè é padà sí DePauw láti wá ṣe ìwádìí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dájọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sílé díẹ̀, nítorí láti ibí ni ohun tí Julian gbé sórí tábìlì ní DePauw ti wá.

Esere ni àwọn Efik ń pè é. Ewéko tó ń fà mọ́ igi ni, etí odò ló fẹ́ràn, èso rẹ̀ sì dà bí ẹ̀wà ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti kòkó gbígbẹ. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn ní Calabar, wọ́n á lọ esere sómi fún un mu. Bó bá bì í, tó yè é, wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá kú, ẹjọ́ parí.

Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland tó dé Calabar ní 1846 rí èyí, nígbà tó sì yá, èso náà dé Edinburgh. Ní 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn, díẹ̀ ló sì kù kó pa á. Omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Thomas Fraser, fi esere ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ ní 1862, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Fraser ṣàkíyèsí pé ó ń mú kí ọmọlójú sún kì. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, dókítà ojú kan, Douglas Argyll Robertson, kán an sí ojú ara rẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Àwọn ará Jámánì yọ èròjà inú rẹ̀ ní 1864, wọ́n pè é ní physostigmine. Àwọn ará Faransé pè é ní eserine, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ Efik wọ inú ìwé oògùn àgbáyé. Kó tó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú glaucoma, àìsàn tí omi inú ẹyinjú fi ń le tí ojú sì fi ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Kò sí àní-àní pé a mọ àìsàn yìí dáadáa níbí: àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ń bá jà jùlọ.

Ní 1925, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe to inú èròjà náà. Ohun tó kù ni ẹni tó máa lè tò ó fúnra rẹ̀.

Julian pẹ̀lú Oxford

Ẹni tí gbogbo ayé ń retí kó ṣe é ni Robert Robinson ti Fásitì Oxford, àgbà onímọ̀ tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Ó ti tẹ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ jáde léraléra. Ó kéde pé òun ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní eserethole, èyí tí kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ mọ́ kó di physostigmine.

Julian àti Pikl náà ṣe eserethole ní DePauw, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tiwọn kò jọ ti Robinson.

Nínú kẹ́mísírì, nǹkan méjì tó bá jẹ́ ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan náà. Bí wọn kò bá yọ́ pọ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Torí náà, ọ̀kan nínú Oxford àti DePauw ti ṣìnà.

Ẹ ro ohun tó wà nílẹ̀ fún Julian. Ọmọ ọdún 35 ni, kò ní ipò gidi, orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ní Howard, aláwọ̀ dúdú sì ni ní Amẹ́ríkà ìgbà náà. Bó bá tako Robinson tó sì já sí pé òun ló ṣe àṣìṣe, kò sẹ́ni tó máa tún pè é. Síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Amẹ́ríkà pé ohun tí Robinson ṣe kì í ṣe eserethole.

Wọ́n wá pe ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ láti wá jẹ́rìí. Wọ́n mú physostigmine tó wá láti inú esere, wọ́n sọ ọ́ di eserethole, wọ́n sì fi í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Wọ́n gbé méjèèjì sóoru, wọ́n ń wò ó. Pọ̀ ni wọ́n yọ́.

Ní 1935, wọ́n parí ìgbésẹ̀ tó kù. Ayé gbà pé Julian ló tọ̀nà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí?

DePauw kò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ DuPont fẹ́ gba òun àti Pikl. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni Julian, Pikl nìkan ni wọ́n gbà. Àjọ ìwádìí kan ní Appleton, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, náà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òfin ìlú yẹn kò gbà kí aláwọ̀ dúdú sun ibẹ̀ mọ́jú.

Ilé iṣẹ́ Glidden ní Chicago ló gbà á ní 1936, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀wà sóyà. Esere kò tíì fi í sílẹ̀. Nígbà tó wà ní DePauw, ó ti rí àwọn kírísítálì kan nínú òróró esere, èyí tí wọ́n ń pè ní stigmasterol, ó sì mọ̀ pé ó wà nínú sóyà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan ní Glidden, omi jò sínú táǹkì òróró sóyà ńlá kan. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé òróró ti bàjẹ́, pé nǹkan funfun ti dì sínú rẹ̀. Julian wò ó, ó mọ nǹkan funfun náà: òun kan náà tó ti rí lára ẹ̀wà Calabar ni.

Láti ara rẹ̀ ló ti ń ṣe progesterone lọ́pọ̀ yanturu, họ́mọ̀nù tí wọ́n ń lò fún àwọn aboyún tí oyún fẹ́ bàjẹ́ lára wọn. Lẹ́yìn náà, ó tún rí ọ̀nà tí kò wọ́n láti ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn oríkèé ríro.

Ní 1950, òun àti Anna, ìyàwó rẹ̀ tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àwùjọ, ra ilé ní Oak Park, àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun lẹ́bàá Chicago. Kí wọ́n tó kó wọlé, àwọn kan gbìyànjú láti dáná sun ún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1951, wọ́n ju àdó olóró sí ẹ̀bá yàrá àwọn ọmọ wọn méjèèjì, nígbà tí Julian àti Anna kò sí nílé. Kò sẹ́ni tó kú. Ìdílé náà kò kó kúrò.

Ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó tà á ní 1961 ní mílíọ̀nù 2.3 dọ́là. Ní 1973, wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló ti wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1975 ni àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tó pé ọdún 76.

DePauw fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò rẹ̀ ní 1980. Ní 1999, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Amẹ́ríkà gbé àmì ìrántí síbẹ̀ nítorí physostigmine tó ṣe. Ní Greencastle, níbi tó ti rìn káàkiri tó ń wá ẹni tó máa ta oúnjẹ fún un, òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.